Bí A Ṣe Ń Ka Ìtàn Àròsọ Ogun fún Ẹni Tó Kọ Ọ́ Kí Ìwé Náà Tó Jáde

Nígbà tí òǹkọ̀wé bá fi ìtàn àròsọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín kí ilé ìtẹ̀wé tó fọwọ́ kàn án, kì í ṣe ìyìn ni ó ń wá, nítorí àwọn ará ilé rẹ̀ ti yìn ín yó. Ohun méjì ni ó ń fẹ́ tí kò lè rí lọ́wọ́ ara rẹ̀: ibi tí ojú yín ti kúrò lórí ìwé, àti ohun tí ẹ mọ̀ tí òun kò mọ̀, pẹ̀lú bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n. Bí ìtàn náà bá dá lé ogun, ohun kejì yìí a máa ṣòro ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí pé agbo ilé tí kò ní ìtàn ogun kankan nílẹ̀ kò pọ̀, ẹni tó bá sì ní ìtàn nílẹ̀ a máa rò pé tòun nìkan ni òótọ́.

Irú ìwé tí màá máa fi ṣe àpẹẹrẹ ni èyí tí mo ti bá òǹkọ̀wé mẹ́rin kà kí ó tó jáde, ìyẹn ìtàn àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó lọ jà ní Boma (Burma, tí ń jẹ́ Myanmar lónìí) nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá méjì ni wọ́n kó jọ láti Nàìjíríà, Gold Coast (Ghana òde òní), Sierra Leone àti Gambia: Division 81, tí ó gúnlẹ̀ sí India ní 1943, àti Division 82, tí ó tẹ̀lé e lọ sí ìhà ìlà oòrùn ní 1944. Inú igbó Arakan àti àfonífojì odò Kaladan ní Boma ni wọ́n ti jà, ọkọ̀ òfuurufú ni ó ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn láti òkè, wọ́n sì gba ìlú Myohaung ní 25 Oṣù Kìíní, ọdún 1945. Àwọn tó ń gba Apapa kọjá mọ bárékè Arakan, àwọn ará Yaba náà sì mọ bárékè Myohaung, ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí orúkọ wọ̀nyí ti wá, ẹ ó rí i pé iṣẹ́ ṣì pọ̀ fún àwọn tó ń kọ irú ìwé yìí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ ṣe àdéhùn kí ẹ tó ṣí ìwé

Ẹ fèsì láàárín ọjọ́ méjì, kódà bí ẹ kò bá ní lè kà á. Òǹkọ̀wé tó fi iṣẹ́ ọdún mẹ́fà ránṣẹ́ tí kò gbọ́ nǹkan kan ń jìyà lọ́nà tí ẹni tí kò kọ̀wé rí kò lè mọ̀. Bí ẹ bá gbà láti kà á, ẹ béèrè ọjọ́ tí ó fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu yín, ẹ béèrè bóyá ó fẹ́ kí ẹ máa tún àmì ohùn àti àkọtọ́ ṣe tàbí kí ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn olóòtú, kí ẹ sì béèrè ẹni mìíràn tí ẹ lè fi ìwé náà hàn. Bí kò bá dárúkọ ẹnikẹ́ni, kò sí ẹni tí ẹ lè fi hàn nìyẹn, títí kan ọkọ tàbí aya yín.

Orí WhatsApp ni ọ̀pọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń gbà wọlé nísinsìnyí, ìka ọwọ́ kan sì tó láti fi í ránṣẹ́ sí ogún ènìyàn. Bí ojú yín kò bá gba kíkà lórí fóònù, tí ẹ sì fẹ́ lọ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, ẹ dúró tì wọ́n títí wọn yóò fi pa á rẹ́ kúrò lórí ẹ̀rọ wọn. Ẹ má ṣe tijú láti sọ bẹ́ẹ̀. Mo mọ òǹkọ̀wé kan tí ó rí orí mẹ́ta nínú ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí, oṣù mẹ́rin kí ìwé náà tó jáde.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ má sì mú bírò dání lẹ́ẹ̀kíní

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìwé lè jẹ́ tuntun lójú yín, nítorí náà ẹ má ṣe fi àkókò yẹn ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Ẹ kà á bí ẹni tó fi owó rẹ̀ rà á. Ohun kan ṣoṣo tí ẹ lè kọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kíní ni nọ́ńbà ojú ewé tí ẹ ti gbé ìwé sílẹ̀, àti ìdí tí ẹ fi gbé e sílẹ̀. Bí oorun ni, ẹ kọ oorun. Bí iná ọba bá lọ, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi òǹkọ̀wé. Bí òǹkàwé mẹ́ta tí kò mọ ara wọn bá sùn lọ láàárín ojú ewé 110 sí 115, òǹkọ̀wé kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un mọ́.

Lẹ́ẹ̀kejì ni kí ẹ wá mú bírò. Àmì mẹ́ta péré ni mo máa ń lò ní ẹ̀gbẹ́ ìwé: ọ̀kan fún ibi tí ọ̀rọ̀ kò ti yé mi, ọ̀kan fún ibi tí n kò ti gbà á gbọ́, ọ̀kan fún ibi tí ọkàn mi ti bá a lọ. Ẹ má ṣe gbójú fo ìkẹta yìí. Òǹkọ̀wé tí kò mọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti dára lè gé ibẹ̀ dànù nígbà tó bá ń tún ìwé ṣe.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ ya ohun tí ẹ mọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ẹ gbọ́

Níhìn-ín ni iṣẹ́ wà, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ wa ti máa ń ṣìṣe.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti ara mi. Nígbà tí mo ka ìwé kejì fún ẹni tó kọ ọ́, ojú ewé mọ́kàndínlógún ni mo fi kọ àtúnṣe ránṣẹ́. Èyí tí inú mi dùn sí jù nínú rẹ̀ ni ibi tí mo ti sọ pé kò ṣeé gbọ́ sétí kí ọmọ ogun tó wọ aṣọ ìjọba máa fi òṣùká ru ẹrù nínú igbó, nítorí bàbá bàbá mi tí ó lọ Boma kò sọ irú rẹ̀ rí; ìbọn ni òun gbé. Òǹkọ̀wé náà, ìyá àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, kò bá mi jiyàn. Gbólóhùn kan ni ó fi dá mi lóhùn: "Ọmọ mi, lọ wo àmì tó wà ní èjìká wọn." Mo lọ wò ó. Aláǹtakùn dúdú lórí àwọ̀ yẹ́lò ni àmì Division 81. Ti Division 82 jẹ́ ọ̀kọ̀ méjì tó dábùú ara wọn, pẹ̀lú òṣùká. Òṣùká tí mo ní kò lè sí nínú ìtàn, wọ́n rán an mọ́ aṣọ wọn! Níbi tí mọ́tò kò lè dé, orí ni wọ́n fi ń ru ọta ìbọn àti oúnjẹ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin ni wọ́n sì gbà síṣẹ́ ogun fún ẹrù rírù nìkan. Bàbá bàbá mi kò purọ́. Ohun tó ṣojú rẹ̀ ni ó sọ; èmi ni mo sọ ọ́ di òfin fún gbogbo ẹni tó lọ.

Láti ìgbà náà, n kì í kọ àtúnṣe kan láìsọ orísun rẹ̀. "Mo kà á níbi báyìí" yàtọ̀ sí "ìyá mi sọ fún mi," méjèèjì sì yàtọ̀ sí "mo rò pé." Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wúlò, àmọ́ òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ mọ èyí tí ẹ ń fún un.

Ẹ ṣọ́ra kí ẹ má ṣe pe ohun tó ṣàjèjì sí yín ní àṣìṣe. Bí ìyá kan nínú ìtàn bá fi náírà ra gaàrí ní 1943, àṣìṣe ni, nítorí 1973 ni náírà dé. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ kan tí a jọ ka ìwé kan fi bírò pupa fàlà sí kọ́bọ̀ ní ibi mọ́kànlá, òun ni kò sì jàre: kí náírà tó dé rárá ni Yorùbá ti ń pe pẹ́nì kan àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní kọ́bọ̀, tí tọ́rọ́ jẹ́ mẹ́ta, tí sísì jẹ́ mẹ́fà, kí ọ̀rọ̀ tó kan ṣílè àti pọ́n-ùn. Mọ́tò tó ń gba apá ọ̀tún títì lọ, àṣìṣe ni, nítorí apá òsì ni ọkọ̀ ń rìn ní Nàìjíríà títí di oṣù Kẹrin 1972. "Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun" kò tíì sí. Ọdún 1991 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Asọ̀rọ̀mágbèsì, ìyẹn rédíò inú àpótí tí wọ́n fi wáyà fà wọlé, tí ń pariwo ìròyìn ogun nínú ilé kan ní Èkó kì í ṣe àṣìṣe, torí ó ti wọ Èkó láti 1935, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ abúlé kan lẹ́bàá Ìgbẹ́tì ni wọ́n gbé e sí, ẹ béèrè bí ó ṣe dé ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ènìyàn inú ìtàn náà nílò etí. Àwọn àgbà tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn kì í sọ pé "Ogun Àgbáyé Kejì". "Ogun Hitler" ni wọ́n ń pè é, nítorí náà bí jagunjagun kan bá jókòó sínú kòtò ní 1944 tó ń pè é ní Ogun Àgbáyé Kejì, akọ̀wé ni mo gbọ́ tó ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe òun. Ọ̀rọ̀ èdè tún wà níbẹ̀. Èdè Haúsá ni ọ̀pọ̀ ọmọ ogun láti Nàìjíríà fi ń gbọ́ ara wọn yé nínú iṣẹ́ náà, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àdàmọ̀dì. Bí gbogbo wọn bá ń sọ Yorùbá tó já gaara nínú ìwé, ó lè jẹ́ pé òǹkọ̀wé mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ bi í léèrè kí ẹ tó dá a lẹ́bi.

Níbi tí ẹ bá ti ní àyè, ẹ bá a wá ìdí ọ̀rọ̀. Ẹni tó wà ní Ìbàdàn lè lọ sí ilé àkójọ ìwé ìjọba tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní àǹfààní tí àwa tó wà nílé kò ní: àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ tí àwọn ọ̀gágun kọ lójú ogun ń bẹ ní ilé àkójọ ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Kew, fọ́tò àti ohùn àwọn tó jagun sì ń bẹ ní Imperial War Museum. Ọjọ́ kan péré tí ẹ bá fi jókòó níbẹ̀ lè gba òǹkọ̀wé lọ́wọ́ ìrìn àjò tí apá rẹ̀ kò ká.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ohun tó wà nínú àpótí bàbá yín

Bí ẹ bá ní fọ́tò, lẹ́tà, àmì ẹ̀yẹ tàbí abọ́ irin tí ẹnì kan mú bọ̀ láti Boma, ẹ sọ fún òǹkọ̀wé pé ó wà, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbé e fún un kí ẹ tó bá àwọn ẹ̀gbọ́n yín sọ̀rọ̀. Ohun ìní agbo ilé ni. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ kọ ẹni tó ni ín àti ẹni tó sọ ìtàn rẹ̀ fún yín, kí ẹ sì sọ kedere bóyá òǹkọ̀wé lè lo orúkọ bàbá yín tàbí kí ó yí i padà.

Ẹ má sì rò pé ẹni tí bàbá rẹ̀ kò lọ ogun kò ní nǹkan kan láti mú wá. Ogun náà jà nínú ìkòkò ọbẹ̀ nílé. Nígbà tí ìjọba ń fi agbára dá iye owó oúnjẹ lé ọjà Èkó, Alimotu Pelewura, olórí àwọn obìnrin ọjà Eréko, kó àwọn obìnrin jọ láti tako iye tí Captain Pullen, òyìnbó tí wọ́n fi ṣe alámòójútó owó oúnjẹ, ń fẹ́ kí wọ́n máa ta gaàrí. Ní oṣù Kẹfà 1945, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba daṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà nítorí owó oṣù tí kò ká ọjà mọ́. Ẹni tí ìyá ìyá rẹ̀ ta gaàrí nígbà náà lè mọ ohun tí ẹni tó gbé ìbọn kò mọ̀. Lójú tèmi, orí tí ó máa ń ṣaláìní jù nínú irú ìwé yìí ni orí ilé. Bí obìnrin inú ìtàn kò bá ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó máa sunkún ní èbúté lọ, ẹ wí fún òǹkọ̀wé.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ kọ lẹ́tà kan, kí ó má gùn jù

Ojú ewé méjì tó. Mọ́kàndínlógún tí mo kọ nígbà yẹn, ìyá náà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé mẹ́rin péré ni òun kà nínú rẹ̀ kí orí tó fọ́ òun. Bí òǹkọ̀wé bá jù yín lọ, ẹ fi ọ̀wọ̀ kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀wọ̀ bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ìkíni ni ẹ ó fi ṣí i, ibi tó dùn mọ́ yín ni ẹ ó tẹ̀ lé e, ohun tó rú yín lójú ni ìkẹta, ìbéèrè ni ẹ ó fi parí rẹ̀. Irú èyí ni mo ń kọ báyìí:

"Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, mà. Mo ka ìwé yín tán lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ní ojú ewé 61, níbi tí Làmídì ti ń ka ìró ọkọ̀ òfuurufú láti mọ̀ bóyá oúnjẹ ni wọ́n gbé wá, mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ojú ewé 88 ni mo ti gbé ìwé sílẹ̀ títí di ọjọ́ kejì, torí ẹni mẹ́rin ń sọ̀rọ̀ nínú òkùnkùn, n kò sì mọ ta ló sọ èwo mọ́. Ní ojú ewé 131, ìyá rẹ̀ san náírà méjì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un wò, 1973 ni náírà dé. Ìyá mi àgbà máa ń sọ pé àwọn tó bọ̀ láti Boma kì í fẹ́ kí wọ́n jí wọn lójú oorun láìpe orúkọ wọn láti òkèèrè. Ohun tí mo gbọ́ nìyẹn, n kò kà á níbì kan. Ìbéèrè mi ni èyí: kí ni àwọn ará abúlé ibẹ̀, tí ogun ń jà nínú oko wọn, rò nípa Làmídì?"

Ẹ kíyè sí i pé n kò sọ bí òun yóò ṣe tún ojú ewé 88 kọ. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi níbẹ̀. Òǹkàwé tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìtàn kọ fún onítàn ti kúrò nípò rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Nígbà tí ẹ bá fojú rinjú

Àwọn òǹkọ̀wé mìíràn a máa pe gbogbo àwọn tó kọ́kọ́ ka ìwé jọ, nínú yàrá ìkàwé kan tàbí lórí fóònù. Ẹ mú ìwé yín lọ, pẹ̀lú àwọn àmì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹnì kan máa kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀, nítorí òǹkọ̀wé kì í lè gbọ́ ọ̀rọ̀ kó tún máa kọ ọ́. Ẹ má ṣe bi í pé "Ṣé ẹ̀yin ni Làmídì yìí?" Ìbéèrè yẹn kì í bí ìdáhùn tó wúlò, ó sì lè kan ibi tó ń dun ẹlòmíràn. Bí afárá kan bá wà nínú ìtàn náà, "Níbo lẹ ti rí ọ̀rọ̀ afárá yẹn?" sàn jù ú lọ. Mo ti rí i tí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ mú kí òǹkọ̀wé kan dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, kí ó tó yọ lẹ́tà kan tí akọ̀wé ìta gbangba bá ìyá rẹ̀ àgbà kọ sí ojú ogun, tí wọ́n dá padà sílé láìṣí i. Kò sí nínú ìwé tí a kà. Ó wà nínú èyí tó jáde.

Bí ẹni tí bàbá rẹ̀ kú sí Boma bá wà láàárín yín, òun ni kí ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ẹ má sì kánjú tù ú nínú.

Ìgbésẹ̀ keje: Lẹ́yìn tí ẹ ti sọ tẹnu yín

Òǹkọ̀wé yóò gba àwọn ìmọ̀ràn kan, yóò sì da àwọn kan nù, ó sì lè má ṣàlàyé. Ẹ má ṣe tẹ̀ lé e kiri. Ẹ bi í bóyá yóò fi orúkọ yín sínú ìdúpẹ́, kí ẹ sì sọ bí ẹ ṣe fẹ́ kí ó kọ ọ́, nítorí àìtó àmì ohùn kan lè sọ orúkọ ẹni di ti ẹlòmíràn. Bí ẹ bá fẹ́ kọ èrò yín nípa ìwé náà síta nígbà tó bá jáde, ẹ sọ ọ́ nínú rẹ̀ pé ẹ ti kà á ṣáájú àti pé ẹ kò fi owó ra ti yín, kí ẹ má sì tú ẹni tó kú nínú ìtàn fáyé gbọ́.

Nígbà tí ẹ̀dà tí wọ́n tẹ̀ bá dé ọwọ́ yín, ẹ ṣí àwọn ojú ewé tí ẹ fi àmì sí nígbà náà, kí ẹ fi méjèèjì wé ara wọn. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ inú ni òǹkọ̀wé kò yí padà, ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n bí náírà bá ṣì wà lọ́wọ́ ìyá Làmídì ní 1943, ẹ kọ ìlà kan péré ránṣẹ́ sí òǹkọ̀wé, pẹ̀lú nọ́ńbà ojú ewé, kí ó lè tún un ṣe kí wọ́n tó tẹ ìwé náà lẹ́ẹ̀kejì.